Ta ni ọdẹ? Fíìmù mẹ́rin tí wọ́n ti ń lépa apànìyàn nínú ìlú ńlá, àti èyí tó lè bá yín lára mu

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbi iṣẹ́ wa tí kì í jẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ kan kọjá láì bi mí pé, "Àbúrò, kí ni ká wò lálẹ́ òní?" Bí mo bá ní kí wọ́n júwe ohun tó ń wù wọ́n, ìdáhùn wọn kì í yí padà: "Èyí tí wọ́n ti ń wá ẹnì kan tó ń pààyàn kiri ìgboro." Wọ́n rò pé àwọn ti sọ iṣẹ́ mi di kékeré. Wọn ò mọ̀ pé fíìmù mẹ́rin tí àpèjúwe yẹn bá mu lè jìnnà síra bí Ìlọrin ṣe jìnnà sí Bàdágìrì. Ọ̀sẹ̀ tí mo fún wọn ní èyí tí kò yẹ wọ́n, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ó lé ní wákàtí méjì àtààbọ̀, wọn ò sì mú un! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Torí tiwọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Fíìmù mẹ́rin ni mo kó jọ: M, tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì ní 1931, Se7en àti Zodiac, tí David Fincher ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1995 àti 2007, àti The Chaser, tí Na Hong-jin ṣe ní Gúúsù Kòríà ní 2008. Mi ò ní sọ bí ọ̀kankan nínú wọn ṣe parí, yàtọ̀ sí ti Zodiac tí gbogbo ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n sì ti tú jáde níbi ẹnu ọ̀nà yẹn.

Apànìyàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan irú fíìmù yìí: báwo ló ṣe burú tó, kí ló fi ń pa wọ́n. Èmi ti kúrò nídìí ìyẹn. Àwọn apànìyàn inú fíìmù máa ń jọra; ọdẹ ni kì í jọra. Ẹ béèrè ẹni tó ń lépa, ohun tó gbé e dìde nílé, àti ohun tí ìlú ń ṣe bó ṣe ń lépa. Tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa wò.

Ọdẹ mẹ́rin

Nínú M, gbogbo ìlú ni ọdẹ. Ẹnì kan ń tan àwọn ọmọdé lọ ní Berlin, ó sì ń pa wọ́n. Ọwọ́ ọlọ́pàá ò tẹ̀ ẹ́, ni wọ́n bá kọjú sí ilé ọtí: òru kan ò ní mọ́ kí wọ́n má ya wọ ibì kan, kí wọ́n máa béèrè ìwé ìdánimọ̀, débi pé àwọn olè ò ráyè ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ọ̀gá olè bá pe ìpàdé. Wọ́n ní kí àwọn fúnra àwọn mú ọkùnrin náà, kí ọlọ́pàá lè fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀. Ta ni wọ́n rán? Àwọn alágbe. Ta ló tún lè dúró sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n pín òpópónà fún wọn bí ẹni ń pín ilẹ̀ oko.

Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́, Lang fi àwòrán sọ tiẹ̀. Ó gbé ìpàdé olè àti ìpàdé ọlọ́pàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀gá olè na ọwọ́ níhìn-ín, ọ̀gá ọlọ́pàá ló ká a bọ̀ lọ́hùn-ún, èéfín tábà kan náà ló bo yàrá méjèèjì. Nígbà tó yá, afọ́jú kan tó ń ta bàlúùnù ló kọ́kọ́ dá apànìyàn náà mọ̀, nítorí orin kan tó máa ń fi súfèé, orin Grieg, ará Norway. Fíìmù yìí ni àkọ́kọ́ tí Lang ṣe tó ní ohùn, ó sì fi ohùn náà ṣe ìdẹkùn. Wọ́n ní Peter Lorre tó ṣe apànìyàn náà ò mọ̀ ọ́n sú, pé Lang fúnra rẹ̀ ló bá a súfèé.

The Chaser mú òwe kan náà, ó wọ́ ọ lọ sínú ẹrẹ̀. Eom Joong-ho ti ṣe ọlọ́pàá rí. Ní báyìí, obìnrin ló ń kó fún àwọn ọkùnrin, ó sì ń jẹ lára owó wọn. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà pòórá. Kò wá sí i lọ́kàn pé wọ́n ti kú. Owó tó ti ná lé wọn lórí ló ń dùn ún, ó gbà pé ẹnì kan ló ń jí wọn tà. Ó wá lé Mi-jin dìde lórí ibùsùn àìsàn, ìyá ọmọ kékeré kan, ó rán an sí oníbàárà lóru. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti lọ tán ló tó kíyè sí i pé nọ́ńbà fóònù oníbàárà náà, tó parí sí 4885, òun ni nọ́ńbà tó pe àwọn tó pòórá. Bí àyà yín ò bá já níbẹ̀, ẹ tètè pa á, ẹ lọ sùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọdẹ yìí ni pé fíìmù náà kì í bá a wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò sí orin tó máa dún láti sọ fún yín pé ó ti di èèyàn rere. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ni kò lè dúró mọ́.

Se7en ló ní àwọn ọdẹ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì, àgbà kan, ọ̀dọ́ kan. Morgan Freeman ni Somerset, tó ku ọjọ́ méje kó fẹ̀yìn tì. Brad Pitt ni Mills, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú náà, tí ara ń ta. Àgbà ń lọ ka ìwé lóru ní ilé ìkàwé, ọ̀dọ́ ń fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn. Ẹnì kan sì ń pa àwọn èèyàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ méje tí àwọn Kátólíìkì ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ olórí: àjẹkì, ọ̀kánjúwà, ọ̀lẹ, ìbínú, ìgbéraga, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìlara. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn méjì yìí gbọ́n lóòótọ́, àmọ́ bí fíìmù ṣe ń lọ ni ẹ ó máa rí i pé ẹran ló ń darí ọdẹ. Mi ò ní sọ jù báyìí lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọdẹ inú Zodiac ló ṣàjèjì jù. Robert Graysmith kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe akọ̀ròyìn. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ló ń yà fún ìwé ìròyìn San Francisco Chronicle. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní òpin oṣù Keje 1969, lẹ́tà apànìyàn kan tí ayé wá mọ̀ sí Zodiac dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn mẹ́ta lágbègbè náà, àròkò kan tí wọ́n gé sí mẹ́ta sì wà nínú wọn. Àròkò tiwa jẹ́ owó ẹyọ, okùn àti ìyẹ́ ẹyẹ. Tiẹ̀ jẹ́ àmì 408 lórí bébà. Tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ ní Salinas ló tú u láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó ní àmì 340, kò ṣeé tú títí di oṣù Kejìlá 2020, nígbà tí ọkùnrin mẹ́ta, ará Amẹ́ríkà kan, ará Australia kan àti ará Belgium kan, para pọ̀ fi kọ̀ǹpútà tú u. Orúkọ apànìyàn náà ò sí nínú rẹ̀.

Èèyàn márùn-ún ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó pa láàárín 1968 àti 1969; òun fúnra rẹ̀ ń fọ́nnu pé 37 ni. Graysmith ò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Síbẹ̀ ó ń wá a, ọdún ń gorí ọdún, ìyàwó ń pè é, àwọn ọmọ ń pè é, kò gbọ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú fíìmù yìí, Graysmith ni ọdẹ, òun náà sì ni ajá. Ọlọ́pàá tí wọ́n gbéṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, Dave Toschi, ti rẹ̀ tipẹ́.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lójú ayé. Alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1969, apànìyàn náà yìnbọn pa awakọ̀ takisí kan nínú San Francisco. Àwọn ọ̀dọ́ tó rí i láti ojú fèrèsé sọ pé òyìnbó ni. Rédíò ọlọ́pàá kéde pé èèyàn dúdú ni kí wọ́n wá. Ọlọ́pàá méjì sì rí òyìnbó kan tó ń rìn lọ nítòsí ibẹ̀, wọ́n kọjá lára rẹ̀. Àwọn ará wa tó ń gbé Amẹ́ríkà ò ní bi mí pé kí ló dé tí ibẹ̀ fi dùn mí.

Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀ náà o. Ọlọ́pàá agbègbè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pín ẹjọ́ náà mọ́wọ́, fáìlì ẹnì kan kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ibùdó kan ò tíì ní ẹ̀rọ fáàsì. Ẹni tó bá ti gbé ìwé kan láti ọ́fíìsì ìjọba kan lọ sí òmíràn rí á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ máa mọ ẹni náà?

Nínú M àti The Chaser, ojú apànìyàn hàn sí yín kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Kódà nínú The Chaser wọ́n mú un, ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ní tésàn, fíìmù ò sì tíì dé ìdajì. Ìṣòro wá ni pé ẹ̀rí ò sí, òfin ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ tí wákàtí bá pé, kò sì sẹ́ni tó mọ ilé tí Mi-jin wà. Nínú Se7en, ó dìgbà tó bá wù ú. Nínú Zodiac, rárá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Afurasí tí fíìmù náà nàka sí jù kú ní 1992, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó gbé e lọ rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò bá lè fara da kí eegun há òun lọ́fun, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìlú náà gan-an

Ibí ni M ti lọ jìnnà sí àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló dàgbà jù. Ọmọbìnrin kékeré kan ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ òpó tí wọ́n lẹ ìwé mọ́. Ìwé náà ń ṣèlérí owó Máàkì 10,000 fún ẹni tó bá mú apànìyàn náà. Òjìji ọkùnrin kan bọ́ sórí ìwé náà. Nílé, ìyá ọmọ náà ti gbé àwo sórí tábìlì. Ó ń yọjú sí àtẹ̀gùn, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀: Elsie! Kámẹ́rà fi àtẹ̀gùn hàn, òfìfo. Ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, òfìfo. Àwo orí tábìlì, òfìfo. Bọ́ọ̀lù yí jáde láti inú igbó, bàlúùnù há sára wáyà òpó. Ó tán. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ á sì dìde lọ wo yàrá àwọn ọmọ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Bàbá arúgbó kan sọ iye aago fún ọmọ kan lójú títì, èrò pé jọ lé e lórí. Èmi tí mo dàgbà sí àárín ariwo "gbọ́mọgbọ́mọ!", tí mo ti rí i bí ariwo yẹn nìkan ṣe lè sọ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ di ẹran lójú ọjà, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ Jámánì ibẹ̀ fún mi.

Seoul inú The Chaser jẹ́ ìlú òru: ọ̀nà tóóró, òkè gíga, ilé tó fún mọ́ ara wọn pẹ̀lú gééètì irin. Joong-ho rí àpò kọ́kọ́rọ́ kan gbà, ó wá ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kó lè mọ èyí tó máa ṣí. Bí ìlú ṣe tóbi tó, ọwọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ọlọ́pàá ńkọ́? Ẹnì kan da ìgbẹ́ lu olórí ìlú níwájú kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ yẹn ló gbà wọ́n lọ́kàn.

San Francisco inú Zodiac ń dàgbà lójú yín: ẹ ó rí ilé gíga onígun ṣóńṣó náà, Transamerica Pyramid, bó ṣe ń ga láti ìpìlẹ̀, ọdún ń lọ, ẹjọ́ náà ò kúrò lójú kan. Ìlú inú Se7en ò tiẹ̀ lórúkọ. Òjò ni ṣáá. Rélùwéè á kọjá, ilé Mills á máa gbọ̀n. Los Angeles ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀, àti àwọn tó jókòó tì yín

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. The Chaser ni kí ẹ má wò níwájú ìyá yín: òòlù wà nínú rẹ̀, wọ́n ń lò ó lójú yín, ẹni tí wọ́n ń lò ó fún sì ti di ẹni tí ẹ mọ̀. Se7en kì í sábà fi ìpànìyàn hàn nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi hàn, àmọ́ ohun tó kù yẹn lè má jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun. Ẹni tó bá ń jẹ̀bà lọ́wọ́ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dé orí ẹ̀ṣẹ̀ àjẹkì. Zodiac ní ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó le níbẹ̀rẹ̀, èyí tó ṣẹlẹ̀ létí adágún lójú mọ̀nàmọ́ná ọ̀sán ló le jù; lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù. Síbẹ̀ ibì kan wà lápá ìparí, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí ẹnì kan ò fọwọ́ kan ẹnì kan, tí mo sì pa fíìmù náà dúró kí n lè lọ tan iná. M ò fi ẹ̀jẹ̀ hàn, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn pe àwọn ọmọdé wá.

Ní ti àkókò: Zodiac gba ìṣẹ́jú 157, Se7en 127, The Chaser lé ní wákàtí méjì díẹ̀, M ò tó wákàtí méjì. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nínú M, ti Kòríà nínú The Chaser, ẹ ó máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Àwọn tó ti ń wo sinimá Kòríà lójoojúmọ́ ò ní bínú sí ìyẹn. M ò ní àwọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú á ti mọ́ ọn.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́

Se7en nìkan ni wọ́n fi ọpọlọ hun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí Lang ń ṣe M, ọ̀rọ̀ Peter Kürten tó pààyàn ní Düsseldorf ló kún ẹnu gbogbo Jámánì. Fíìmù náà jáde ní oṣù Karùn-ún 1931, wọ́n bẹ́ Kürten lórí ní oṣù Keje. Ọ̀gá ọlọ́pàá inú fíìmù sì fara jọ ẹnì kan gidi, Ernst Gennat, olórí àwọn tó ń wádìí ikú ní Berlin, ọkùnrin sísanra tó fẹ́ràn kéèkì. Ìjọba Násì fòfin de M ní 1934. Lorre, tó jẹ́ Júù, ti fẹsẹ̀ fẹ nígbà yẹn, Lang náà ti lọ.

The Chaser gbé ara lé ọ̀rọ̀ Yoo Young-chul, tí wọ́n mú ní Seoul ní oṣù Keje 2004, tí ilé ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ ikú fún lórí ikú èèyàn 20. Àwọn tó ni ilé ìfọwọ́ra, tí òṣìṣẹ́ wọn ń pòórá, ni wọ́n ṣe ọ̀nà tó fi kó sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí mo wò ó, Port Harcourt ló wá sí mi lọ́kàn, ní 2019, nígbà tí wọ́n ń bá òkú àwọn obìnrin ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ dípò ẹni tó pa wọ́n. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n mú ọkùnrin náà. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún un ní oṣù Kẹwàá 2020. Ìbéèrè yẹn náà ni àwọn ọlọ́pàá inú The Chaser ń fi ojú bi Joong-ho ní gbogbo ìgbà tó bá dárúkọ Mi-jin.

Èwo wá ni?

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ lálẹ́ Jímọ̀, tí iná wà, tí ẹ fẹ́ kí èèyàn máa dìde nídìí àga, The Chaser ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò wo Se7en rí (irú yín ṣì wà, mo ti pàdé wọn), òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì pa fóònù, torí pé ẹnikẹ́ni lórí ayélujára lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bà á jẹ́ fún yín. Zodiac wà fún ẹni tó máa ń ka ìròyìn ẹjọ́ títí dé ìsàlẹ̀, tó mọ bí ó ṣe rí kí ìbéèrè kan máa jí èèyàn lóru. Ẹ wò ó ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ Se7en lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kódà bó jẹ́ ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ẹ ó máa retí òjò, òjò ò ní rọ̀.

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan péré, M ni màá mú. Àwọn mẹ́ta yòókù fi ọdẹ kan tàbí méjì hàn mí. Òun fi hàn mí ohun tí gbogbo àdúgbò máa ń dà nígbà tí gbogbo wọn bá di ọdẹ tán, ó sì ṣe é kí a tó bí bàbá mi.

Ẹ̀gbọ́n ti wo mẹ́ta nínú wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè wo sinimá tí kò ní àwọ̀, pé ojú ń ro àwọn. Mo fi M sínú fílááṣì, mo fi sórí tábìlì wọn, mi ò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn ti lọ, ni mo gbọ́ ẹnì kan tó ń súfèé bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Orin yẹn ni.